Ta Ni Ó Fi Ojú Ara Rẹ̀ Rí I?

Ibi kíkà: Ẹ́kísódù 23:1-2, Deutarónómì 13:12-14, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 17:10-12

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹni tó bá gbé ní Àbújá ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023 kò ní tíì gbàgbé bí ìlú ṣe rí nígbà náà. Ọ̀rọ̀ kan gba ìgboro pé àwọn kan ń rìn káàkiri, pé bí wọ́n bá ti fi ọwọ́ kan ọkùnrin báyìí, nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ yóò pòórá lójú ẹsẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, àwọn ọkùnrin di ara wọn mú. Ní ọjà àti ní gáréèjì, ẹni tó bá ṣèèṣì fara gbún ẹlòmíràn, ẹ̀bẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ máa bẹ̀. Ní ilé ìsìn pàápàá, mo rí àwọn tó jẹ́ pé orí ni wọ́n ń mì sí ara wọn lẹ́yìn ìsìn, wọn kò bọ ara wọn lọ́wọ́ mọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi igbe ta pé "Wọ́n ti gbà á o!", ìṣẹ́jú díẹ̀ ni èrò yóò fi pé jọ. Ẹni tí wọ́n nawọ́ sí kì í ráyè sọ tẹnu rẹ̀. Ìgbátí àti igi ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Nígbà tó yá, àwọn ọlọ́pàá Olú Ìlú Àpapọ̀ jáde sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn tó pariwo pé nǹkan àwọn sọnù, nígbà tí wọ́n gbé wọn dé ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò, kò sí ohun tó sọnù lára wọn. Wọ́n sì kìlọ̀ pé ẹni tó bá tún fi irú igbe bẹ́ẹ̀ kó bá aláìṣẹ̀, òun gan-an ni yóò fojú ba ilé ẹjọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi láìfi bò. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọlọ́pàá nìkan, ti ìjọ ni pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pé jọ lójú títì yẹn ni a jọ ń kọrin ní ọjọ́ Ìsinmi. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì fi ìròyìn náà ránṣẹ́ láti orí fóònù wa. A ti jẹ́ kí ó wọ̀ wá lọ́kàn pé ẹni tó bá béèrè ìbéèrè kò nígbàgbọ́, a sì ti sọ ìgbàgbọ́ di gbígba ohun gbogbo tí etí bá gbọ́. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀ nínú Bíbélì. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé wíwádìí ọ̀rọ̀ kí a tó gbà á, àti kí a tó gbé e kiri, jẹ́ ìgbọràn sí Ọlọ́run, nítorí pé ẹ̀mí ọmọnìkejì wa wà nínú rẹ̀.

Ohun tí ìṣẹ́jú kan ìbá ti yanjú

Ẹ wo bí ẹ̀sùn náà ti rọrùn láti yẹ̀ wò tó. Kò gba ẹ̀rọ, kò gba ìwé kíkà. Kí ọkùnrin tó ń pariwo wọ yàrá kan, kí dókítà tàbí àgbàlagbà méjì tó ṣeé fọkàn tán wò ó. Síbẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá ti lu ẹlòmíràn dójú ikú tán ni ẹnì kan tó ń rántí pé ó yẹ kí a wò ó. Bí wọ́n bá sì wò ó tí nǹkan wà ní ipò rẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò yí padà: wọ́n á ní ìyà ló dun olè náà tó fi dá a padà, tàbí kí wọ́n ní kò tóbi tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ẹ kíyè sí irú ọ̀rọ̀ báyìí dáadáa. Bí wọn kò bá rí i, òótọ́ ni ẹ̀sùn. Bí wọ́n bá rí i, òótọ́ náà ni ẹ̀sùn. Nígbà tí kò bá sí ohunkóhun láyé tó lè fi hàn pé irọ́ ni ẹ̀sùn kan, kò sí aláìṣẹ̀ tó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìpayà yìí kì í sì í ṣe tuntun. Dókítà Sunny Ilechukwu, ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ onímọ̀ nípa àrùn ọpọlọ, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní ọdún 1992. Ó ṣàlàyé bí irú rẹ̀ ti jà ní ilẹ̀ wa láàárín ọdún 1975 sí 1977, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1990. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2001, ó kéré tán ènìyàn 12 ni àwọn èrò pa ní Nàìjíríà lórí ẹ̀sùn kan náà. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn náà mọ̀ ọ́n. Ní Singapore ní ọdún 1967, àhesọ kan jáde nípa ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé nǹkan ọmọkùnrin àwọn ń wọ inú lọ. Àwọn dókítà ibẹ̀ jáde ṣàlàyé fún aráàlú pé ìbẹ̀rù ló ń ṣe wọ́n, pé kò sí ohun tó ń wọlé, ìpayà náà sì rọlẹ̀. Ìbẹ̀rù kan náà ni tiwọn àti tiwa. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹran ni wọ́n fi ẹ̀sùn kàn ní Singapore, ṣùgbọ́n ènìyàn ni àwa ń fi ẹ̀sùn kàn. Ìdí nìyẹn tí tiwa fi ń pànìyàn.

Òfin Ọlọ́run lórí ọ̀rọ̀ tí a gbọ́

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Ẹ́kísódù orí 23. Ẹsẹ kìíní kọ̀ fún wa láti gbé ìròyìn èké kiri. Ẹsẹ kejì kọ̀ fún wa láti tẹ̀ lé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ ṣe ibi. Mo ti ka ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kí ó tó yé mi ìdí tí Olúwa fi tò wọ́n tẹ̀ léra. Ìròyìn èké ló ń pe èrò jọ, èrò ló sì ń ṣe ibi. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti orí àga rẹ̀ ní Gwarinpa lè má gbé igi, ṣùgbọ́n ó ti bá àwọn tó gbé igi ṣe é.

Ẹ wá wo Deutarónómì orí 13. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ kò kéré: wọ́n ní ìlú kan ti yí padà sí òrìṣà. Bí ọ̀rọ̀ ìtara bá wà fún Ísírẹ́lì, èyí ni. Síbẹ̀ Ọlọ́run kò ní kí wọ́n gbé idà ní kété tí wọ́n bá gbọ́. Ó ní kí wọ́n wádìí, kí wọ́n wá inú ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n sì béèrè dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́ nínú ẹsẹ kan ṣoṣo. Ní orí 19, ó tún fi kún un pé bí àwọn adájọ́ bá wádìí tí ẹlẹ́rìí sì jẹ́ èké, ohun tí ó rò láti ṣe sí arákùnrin rẹ̀ ni kí wọ́n ṣe sí òun náà. Àwọn bàbá wa tí kò tíì gbọ́ Òfin Mósè pàápàá mọ díẹ̀ nínú ọgbọ́n yìí. Wọ́n ní, "A gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni."

Ẹlẹ́rìí mélòó ni?

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló ń sọ ọ́." Níbí gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Òfin béèrè ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta, kò béèrè ọ̀pọ̀ ẹnu. Bí ìròyìn kan bá wọ ẹgbẹ́ WhatsApp ìdílé, tó wọ ti àwọn akọrin, tó wọ ti Ẹgbẹ́ Ìyá, tó tún wọ ti àdúgbò, a ó rò pé ènìyàn ogójì ló jẹ́rìí sí i. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Ṣé ìwọ fi ojú ara rẹ rí i?" Ẹ ó rí i pé gbogbo wọn ń tọ́ka sí ẹlòmíràn, ẹlòmíràn yẹn náà sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan tí kò lórúkọ. Ogójì ẹnu lè wà níbẹ̀ láìsí ẹlẹ́rìí kan. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Kódà bí ẹlẹ́rìí bá wà, ó kù kí a wádìí ẹlẹ́rìí náà. Nábótì ní ẹlẹ́rìí méjì tó dúró lòdì sí i. Wọ́n kéde ààwẹ̀, àwọn àgbààgbà jókòó, gbogbo ètò pé bí òfin ti wí. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ká ní ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn àgbààgbà náà béèrè pé, "Ta ni yóò jèrè bí ọkùnrin yìí bá kú?" ọ̀rọ̀ ọgbà àjàrà ì bá ti hàn síta. Ìbéèrè yẹn ṣì wúlò lónìí. Nígbà tí ẹnì kan bá lọgun nínú èrò, tí fóònù àti owó ẹni tí wọ́n ń lù sì ti pòórá kí ọlọ́pàá tó dé, ó yẹ kí a béèrè ta ló jèrè.

Iyọ̀ tí mo ní kí ìyá mi mu

Èmi tí mò ń kọ èyí kò mọ́ nínú ọ̀ràn náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola ti wọ Èkó, fóònù mi dún ní nǹkan bí aago mẹ́rin òwúrọ̀. Ìbátan mi kan ló pè, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní wọ́n ti rí oògùn rẹ̀: kí gbogbo wa fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. N kò béèrè ẹni tó rí i. Mo jí àwọn ọmọ mi, mo sì pe ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìyá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí dókítà ti ní kí ó jìnnà sí iyọ̀. Ó bi mí léèrè pé, "Ṣé ó dá ọ lójú?" Mo ní, "Ó dá mi lójú, Màámi. Ẹ tètè mu ún." Ó mu ife kan gbáko. Kó tó di ọ̀sán, orí ń fọ́ ọ, ojú rẹ̀ ń ṣú. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò ní ilé ìwòsàn kí Olúwa tó yọ ọ́. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, kò bá mi wí. Ohun tó sọ ni pé, "Ká ní ẹlòmíràn ló sọ fún mi ni, n kò ní gbà. Ṣùgbọ́n ìwọ ni, ìwọ tí o jẹ́ díákónì." Títí di òní, n kò tíì gbọ́ ìwàásù tó gún mi ní kẹ́ṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ipò mi nínú ìjọ àti ìfẹ́ tó ní sí mi ni irọ́ náà gùn wọ inú ilé ìyá mi.

Orí kò kó gbogbo ìdílé yọ. Àwọn ìwé ìròyìn ròyìn lọ́sẹ̀ náà pé ènìyàn méjì kú ní Jọ́ọ̀s lẹ́yìn tí wọ́n mu omi iyọ̀ yìí, tí nǹkan bí 20 mìíràn sì dèrò ilé ìwòsàn. Àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ náà kiri kò kórìíra ẹnikẹ́ni. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é, bó ti mú mi ṣe é. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé, "Mo kàn ní ire lọ́kàn ni." Ire ọkàn kò sọ iyọ̀ di oògùn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó lásìkò kan náà wé e. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, Patrick Sawyer wọ Nàìjíríà láti Làìbéríà pẹ̀lú àìsàn. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ibà ni, òun náà sì sọ pé òun kò sún mọ́ ẹnikẹ́ni tó ní Ebola. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà wò, ó sì kọ̀ láti jẹ́ kó jáde ní ilé ìwòsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń fúngun mọ́ ọn pé kó fi í sílẹ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé Ebola ni. Lẹ́yìn náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá àwọn tó ti fara kan àwọn aláìsàn rí, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ènìyàn 894, pẹ̀lú ìbẹ̀wò bí 18,500. Ènìyàn mẹ́jọ ló kú ní Nàìjíríà. Dókítà Adadevoh jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò ní ilẹ̀ wa.

Èmi gba ọ̀rọ̀ gbọ́ láìbéèrè, ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Obìnrin yìí béèrè, orílẹ̀-èdè yè. Ta ni nínú àwa méjèèjì ló fẹ́ràn ọmọnìkejì rẹ̀ jù?

Ṣé ìgbàgbọ́ kò ní dínkù?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, "Bí a bá ń wádìí gbogbo nǹkan, níbo ni ìgbàgbọ́ wà?" Ẹ wo àwọn ará Béríà nínú Ìṣe orí 17. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ló wàásù fún wọn, wọ́n sì lọ ń yẹ Ìwé Mímọ́ wò lójoojúmọ́ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Wọn kò rí ìbáwí. Ìyìn ni wọ́n gbà. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e sì sọ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn gbàgbọ́. Ìwádìí ló ṣí ilẹ̀kùn fún ìgbàgbọ́ wọn. Lúùkù náà sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ pé òun tọpinpin ohun gbogbo láti ìbẹ̀rẹ̀ kí òun tó kọ ọ́. Nígbà tí Jésù wo àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá sàn, ó ní kí wọ́n lọ fi ara wọn han àwọn àlùfáà, àwọn tí òfin yàn láti yẹ adẹ́tẹ̀ wò. Olúwa tó ń wo aláìsàn sàn kò bẹ̀rù àyẹ̀wò.

Ó yẹ kí àwa Baptist rántí William Carey. Ní Íńdíà, wọ́n máa ń sun opó láàyè mọ́ òkú ọkọ rẹ̀. Carey kò kàn fi ariwo bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1803, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rán ènìyàn lọ káàkiri àwọn abúlé tó yí Calcutta ká láti ka iye opó tí wọ́n sun láàárín ọdún kan. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni wọ́n kà. Nígbà tó ń bá ìjọba sọ̀rọ̀, ohun tó dá a lójú ló ń sọ. Ó gbà á tó ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kí òfin tó jáde ní 1829. Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n gbé òfin náà wá fún un láti túmọ̀ sí èdè Bengali, ó sì fi ìwàásù ọjọ́ náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí opó kankan má bàa kú nítorí ìdádúró rẹ̀. Ìtara tó ní ìmọ̀ nìyẹn.

Ohun tí a ó ṣe

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló gba ìwádìí bákan náà. Bí ẹnì kan bá sọ pé tòmátì wọ́n ní ọjà Wuse lónìí, ẹ jẹ́ kó kọjá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ kan bá lè gba ẹ̀mí ènìyàn, tàbí orúkọ rẹ̀, tàbí ìlera rẹ̀, ẹ dúró kí ẹ bi ara yín ní nǹkan mẹ́rin. Ta ni ó fi ojú ara rẹ̀ rí i? Ta ni yóò jèrè bí mo bá gbà á? Ọ̀nà wo ni a lè gbà yẹ̀ ẹ́ wò, ta sì ni ó mọ̀ nípa rẹ̀ jù mí lọ? Bó bá sì já sí irọ́, ara ta ni yóò gún? Ìbéèrè kẹrin yìí ló wúwo jù. Bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni yóò jìyà àṣìṣe mi, èmi kò ní ẹ̀tọ́ láti yára.

Bí ẹ bá sì wà ní ibùdókọ̀ ní Nyanya tàbí ní Kubwa, tí igbe yẹn tún sọ, ẹ má ṣe sá wọ inú èrò. Ẹ ké sí ọlọ́pàá. Bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ láìfi ẹ̀mí ara yín wewu, ẹ sọ pé kí wọ́n gbé àwọn méjèèjì lọ fún àyẹ̀wò. Ohùn kan ṣoṣo lè dá ọwọ́ ọ̀pọ̀ dúró.

Ẹ̀yin pásítọ̀ wa, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí èyí bẹ̀rẹ̀ láti orí pẹpẹ. Bí ẹnì kan bá fẹ́ jẹ́rìí pé òun ti rí ìwòsàn, ẹ jẹ́ kó padà sọ́dọ̀ dókítà kó tó da oògùn rẹ̀ nù, bí àwọn adẹ́tẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ àlùfáà. Bí ìròyìn ìpayà bá dé, ẹ wádìí rẹ̀ kí ẹ tó kà á fún ìjọ. Nítorí pé àwọn ènìyàn gbà wá gbọ́ ni irọ́ ṣe fẹ́ràn láti gba ẹnu wa jáde.

Ìyá mi ṣì wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Bí mo bá pè é lónìí tí mo sì ní ìròyìn kan fún un, ìbéèrè tó kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé, "Ta ló rí i?" Inú mi kì í bàjẹ́ mọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà: Olúwa, ìwọ Ọlọ́run òtítọ́, dárí jì wá fún gbogbo ọ̀rọ̀ tí a gbé kiri láìmọ ìdí rẹ̀. Fún wa ní etí tó ń gbọ́ tàgbọ́yé, àti ẹnu tó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Dáàbò bo aláìṣẹ̀ ní ìlú Àbújá àti ní gbogbo ilẹ̀ wa, má sì jẹ́ kí a rí ọwọ́ wa nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní orúkọ Jésù. Àmín.